Ọ̀sẹ̀ Àkọ́kọ́ ní Kíláàsì Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ọ̀nà Wo Ló Ń Mú Akẹ́kọ̀ọ́ Tètè Lanu?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan pè mí ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọ́ọ̀sì kan. Abiyamọ ni, aṣọ àǹkárá ló ń tà, ọdún kìíní rẹ̀ sì nìyẹn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń kọ́ni láti òkèèrè. Mo ti ní kí gbogbo kíláàsì kọ ìpínrọ̀ kan nípa ara wọn sórí pátákó ìjíròrò. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ tiẹ̀, báǹkì ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ti gboyè kan tẹ́lẹ̀. Ẹ wo gírámà tó fi kọ ọ́! Kí ni kí èmi wá kọ sábẹ́ ìyẹn?”

Mi ò rí èsì tó ṣe é gbámú fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ohùn rẹ̀ ló máa ń padà sí mi létí nígbàkígbà tí kọ́ọ̀sì tuntun bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí mo ti ń pè ní ọ̀lẹ nítorí pé wọn kì í dá sí ọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n kàn bá nǹkan tí kò jẹ́ kí wọ́n wọlé níbẹ̀ ni. Àwa olùkọ́ la sì gbé nǹkan ọ̀hún síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ìfiwéra yìí fún. Nǹkan mẹ́ta ni mo fi ń wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Kí ló máa ná akẹ́kọ̀ọ́ ní dátà, ní àkókò àti ní ìtìjú? Báwo ni ẹlòmíì ṣe máa tètè dá a lóhùn tó? Ǹjẹ́ ohun tó sọ kan ẹ̀kọ́ tó wá kọ́, àbí ó kàn kí wa, ó sì lọ?

Ìdí tí mo fi dúró lé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kíláàsì orí fóònù kò ní bẹ́ǹṣì. Kò sí aládùúgbò tí èèyàn lè fi ìgúnpá gún pé kí ni olùkọ́ wí. Ní National Open University of Nigeria (NOUN), tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1983, tí ìjọba ológun tì pa lọ́dún 1984, tó sì tún padà bẹ̀rẹ̀ sí í gba akẹ́kọ̀ọ́ ní àsìkò Ọbásanjọ́, iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń pè ní TMA (Tutor-Marked Assignment) ló ń kó 30 nínú 100 máàkì, ìdánwò ló ń kó 70 tó kù. Ẹni tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí TMA àkọ́kọ́ fi dé, kò mọ ẹni tó máa bi léèrè nígbà tí ojú-òpó bá kọ̀ láti ṣí fún un. Òkèèrè la ti ń wo igi ganganran kó má bàa gún ni lójú.

Pátákó ìjíròrò àbí gúrúùpù WhatsApp?

Pátákó ìjíròrò ni èyí tó wà nínú ojú-òpó ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Moodle, sọ́fítíwìà ìkọ́ni kan tó jáde lọ́dún 2002, wà lára àwọn tí yunifásítì ń lò jù fún un. Iyì rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kì í sọnù níbẹ̀. Àkòrí kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdé á bá gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ láti Mọ́ńdè nílẹ̀, ẹni tó sì fẹ́ ronú kó tó kọ̀wé á rí àyè ronú.

Ohun kan tún wà nínú Moodle tó jẹ́ pé mo pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n, ó sì ń dùn mí pé mo pẹ́. Oríṣi pátákó kan wà níbẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní rí ìdáhùn ẹnikẹ́ni àfi tí òun náà bá ti kọ tirẹ̀. Q and A ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá fi sí bó ṣe máa ń wà, yóò dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó bá kọ tirẹ̀ tán, kí ti àwọn yòókù tó ṣí sí i. Ká ní irú pátákó yìí ni mo lò lọ́dún yẹn, obìnrin aláǹkárá yẹn kò ní rí gírámà ẹni báǹkì kó tó kọ tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo pátákó, ẹ jọ̀wọ́, èyí ni kí ẹ yàn fún ìbéèrè àkọ́kọ́.

Àmọ́ pátákó ní wàhálà tirẹ̀. Páásìwọ́ọ̀dù ni àkọ́kọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè fi ọjọ́ mẹ́ta wá páásìwọ́ọ̀dù kiri lọ́wọ́ àwọn tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà. Ìkejì, kò sí ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ ìbéèrè lálẹ́ Túsìdé, ó lè di Sátidé kí ẹnì kan tó rí i, nígbà yẹn ojú ti tì í.

WhatsApp kò ní ìṣòro yìí. Ó ti wà lọ́wọ́ gbogbo wọn kí a tó dé. Ìyá àgbà tó ń kàwé gan-an mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ohùn tó wọlé. Gúrúùpù kan lè gba ènìyàn 1,024, àti láti ọdún 2022 èèyàn lè ṣe ìdìbò kékeré níbẹ̀. Ìdìbò yìí ni mo fi ń ṣílẹ̀kùn báyìí. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, kí n tó kí ẹnikẹ́ni káàbọ̀, mo máa ń béèrè pé: “Níbo lẹ ti sábà máa ń kàwé?” Màá wá tò ó sísàlẹ̀: ilé, ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì, inú mọ́tò, ilé ìjọsìn. Wọn ò ní kọ nǹkan kan, ìka lásán ni wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó bá máa di ọ̀sán, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ti rí i pé àwọn mọ́kànlá mìíràn náà wà ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé mo ní kí wọ́n sọ ọ́.

Ẹ má ṣe rò pé WhatsApp kò lábùkù o. Ogójì “Ẹ káàárọ̀ sà” lè bo ìbéèrè kan mọ́lẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ẹni tó bá wọ gúrúùpù lẹ́yìn kì í sábà rí ohun tí wọ́n ti kọ ṣáájú. Èyí tó burú jù ni pé nọ́ńbà fóònù gbogbo ènìyàn ti hàn síta. Àwọn obìnrin tí mo kọ́ ti fi ẹjọ́ sùn mí lọ́pọ̀ ìgbà pé ọkùnrin kan nínú gúrúùpù ń kọ “Hello dear” sí àwọn ní ìkọ̀kọ̀. Mo ti wá sọ ọ́ di òfin ọjọ́ àkọ́kọ́: ẹni tí kò bá gbàṣẹ, kò gbọdọ̀ kọ̀wé sí ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì ṣe é, èmi ni kí wọ́n fi tó létí. Lẹ́yìn tí mo ṣe òfin yìí ni ọ̀pọ̀ obìnrin tó tẹ́tí gbọ́ lásán ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Bó bá kù sí èmi lọ́wọ́, WhatsApp ni ká fi bẹ̀rẹ̀, láti Mọ́ńdè títí di Wẹ́sìdé. Tó bá di Tọ́sìdé, ká kó wọn lọ sórí pátákó, ká sì fi líǹkì rẹ̀ sínú WhatsApp. Ẹ má ṣe ṣí méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Mo ti dán an wò, ńṣe ni wọ́n pa méjèèjì tì.

Ìpàdé Zoom àbí ohùn tí a gbà sílẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló fẹ́ràn kí kíláàsì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpàdé lórí Zoom. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ó ń rí bíi kíláàsì gidi, olùkọ́ ń rí ojú àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń rí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ń náni. Ìpàdé fídíò tí èèyàn pọ̀ nínú rẹ̀ lè jẹ nǹkan bíi gígábáìtì kan ní wákàtí kan. Ohùn ìṣẹ́jú kan lórí WhatsApp kì í tó mẹ́gábáìtì kan. Zoom ọ̀fẹ́ máa ń já lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú. Bí ogójì akẹ́kọ̀ọ́ bá wá, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló kàn wọ́n, olùkọ́ kò tíì ní sọ̀rọ̀ kankan.

Ẹ tún wo aago. Aago mẹ́jọ alẹ́ tí olùkọ́ yàn nítorí pé òun ti dé láti ibi iṣẹ́, àkókò tí ẹlòmíì ń palẹ̀ ọjà mọ́ ni. Iná lè lọ. Bí ọmọ Yorùbá kan tó wà ní Houston bá forúkọ sílẹ̀ nínú kíláàsì náà, aago kan tàbí méjì ọ̀sán ló jẹ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò bá lè wá sí ìpàdé àkọ́kọ́, èrò tó máa wá sí i lọ́kàn ni pé wọ́n ti ṣáájú òun.

Ohùn tí a gbà sílẹ̀ kì í mú aago dání. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà á sílẹ̀ ní ìdájí, kó fetí sí i, kó pa á rẹ́, kó tún un gbà. Ó tún ń gba àwọn tí gírámà kíkọ ń bà lẹ́rù sílẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ ọ̀rọ̀ dáadáa, kíkọ ló ń já wọn láyà. Ní kíláàsì mi, mo máa ń sọ ọ́ gbangba pé nínú ohùn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí kálukú sọ èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì, méjèèjì pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á fi ṣe ìdánwò, mo mọ̀, ṣùgbọ́n a kò tíì dé ibẹ̀.

Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí ó má kà á jáde látinú ìwé. Ohùn mi ti ọdún tó kọjá, àkùkọ kan kọ nínú rẹ̀, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ kan níbi tí mo dé. Mi ò tún un gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àkùkọ yẹn ló jẹ́ kí àwọn gbà pé àwọn náà lè sọ̀rọ̀.

Zoom wúlò ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí wọ́n ti mọ ohùn ara wọn. Ogún ìṣẹ́jú péré, kámẹ́rà ní pípa fún ẹni tó bá fẹ́, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá.

| Ọ̀nà | Ohun tó ń ná akẹ́kọ̀ọ́ | Ohun tó ń fún wa |
|---|---|---|
| Ìdìbò WhatsApp | Ìka kan, kò sí gírámà | A mọ ẹni tó ti dé |
| Ohùn ìṣẹ́jú kan | Dátà díẹ̀, ìtìjú díẹ̀ | Ènìyàn gidi, kì í ṣe nọ́ńbà lásán |
| Pátákó ìjíròrò | Páásìwọ́ọ̀dù, àkókò, kíkọ | Ọ̀rọ̀ tó wà létòlétò, tí kì í sọnù |
| Ìpàdé Zoom | Dátà púpọ̀, iná, aago kan pàtó | Ìdáhùn lójú ẹsẹ̀ |

“Sọ fún wa nípa ara rẹ” àbí ìbéèrè tó kan ẹ̀kọ́?

Ibí yìí ni mo gbà pé ọ̀rọ̀ wà jù. Irinṣẹ́ ṣe pàtàkì, àmọ́ ìbéèrè tí kò dára á pa irinṣẹ́ tó dára jù lọ.

“Sọ fún wa nípa ara rẹ” dà bí ìbéèrè tó rọrùn. Kò rọrùn. Ó ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn pé kó wọn ara rẹ̀ níwájú àlejò. Ẹni tó ní oyè, tó ní iṣẹ́, á dáhùn kíákíá. Ẹni tó rò pé òun kò ní nǹkan kan á dákẹ́. Nígbà tí àwọn ìdáhùn bá sì dé, kò sí ẹni tó lè fèsì sí wọn ju “A kí ẹ káàbọ̀” lọ, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Ní sáà tó tẹ̀ lé èyí tí obìnrin yẹn pè mí, mo yí i padà. Ọrọ̀-ajé ni mò ń kọ́ wọn. Mo béèrè pé: “Èló ni kóńgò gààrì kan ní ọjà tó sún mọ́ yín lónìí? Èló ni lóṣù tó kọjá? Kí ni ẹni tó ń tà á sọ pé ó fà á?” Obìnrin aláǹkárá yẹn ti tún forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì náà nígbà yẹn. Òun ló kọ́kọ́ dáhùn. Kò sọ ti gààrì nìkan, ó ṣàlàyé bí owó ọkọ̀ ṣe ń wọ inú owó aṣọ, àti ìdí tí wọn kì í fi í dá owó padà sílẹ̀ bí epo bá tiẹ̀ wálẹ̀. Ohùn ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ni. Òṣìṣẹ́ báǹkì kan nínú kíláàsì náà bi í ní ìbéèrè, ó dá a lóhùn, ẹlòmíì láti Ìlọrin sọ pé gààrì kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tàwọn. A ti wà nínú orí kìíní ìwé náà kí n tó pe àkòrí rẹ̀.

Ìbéèrè tó dára fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni èyí tí gbogbo ènìyàn ní ìdáhùn sí láìka ìwé kankan, tí ìdáhùn kálukú á yàtọ̀ síra, tó sì jẹ́ pé ẹni tí a rò pé ó kéré jù lè jẹ́ ọ̀gá nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìlera, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe nílé wọn bí ara ọmọ bá gbóná. Bó bá jẹ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ ní kí wọ́n sọ ohun kan lórí fóònù wọn tó máa ń bí wọn nínú.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń fi kún un, ti ilẹ̀ wa sì ni: “Kí ni ká máa pè yín?” Nínú kíláàsì kan náà, ọmọ ọdún méjìdínlógún lè wà pẹ̀lú bàbá ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ọmọ yẹn kò lè pe bàbá náà lórúkọ, kò sì mọ ohun tó yẹ kó pè é, nítorí náà á kúkú dákẹ́. Bàbá náà kò fẹ́ ṣe àṣìṣe lójú ọmọ kékeré, òun náà á dákẹ́. Bí ọ̀kan bá ti ní “Ẹ máa pè mí ní Bàbá Ìbejì”, tí èkejì ní “Tósìn náà ti tó”, ọ̀nà ti là.

Ká fi máàkì sí i àbí ká má fi sí i?

Máàkì ń mú kí wọ́n wá, ìyẹn kò sí àríyànjiyàn. Ohun tí wọ́n máa ń kó wá ni ìṣòro. Bí máàkì bá wà fún “dídá sí ọ̀rọ̀”, ẹ ó rí ogún ìdáhùn tó ní “Mo fara mọ́ ohun tí ẹni tó ṣáájú mi sọ.”

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa tó ń kàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Lábẹ́ òfin owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, wíwọ ojú-òpó kọ́ọ̀sì lásán kò túmọ̀ sí pé ènìyàn wá sí kíláàsì. Ó ní láti ṣe nǹkan tó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́: kó ṣe tẹ́ẹ̀sì, kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó dá sí ìjíròrò lórí ẹ̀kọ́, tàbí kó béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ olùkọ́. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ kékeré fi sábà máa ń wà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì níbẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò níbẹ̀ tó ń wo fídíò lásán, ẹ sọ fún un.

Ní ti èmi, máàkì méjì nínú 100 ti tó, kó sì jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ló máa gbà á, yálà ohun tó sọ tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà. Kí ẹ fún wọn ní ọjọ́ mẹ́wàá dípò méje, nítorí àwọn tó pẹ́ forúkọ sílẹ̀. Moodle lè ti ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kejì mọ́ ẹni tí kò tíì dá sí ìjíròrò, àwọn kan sì fẹ́ràn rẹ̀. Èmi kì í lò ó. Ẹni tí dátà tán lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa ń há sẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn.

Kíláàsì ńlá àbí ẹgbẹ́ kéékèèké?

Bí wọn kò bá ju ọgbọ̀n lọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ pọ̀, kí olùkọ́ fèsì sí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan láàárín ọjọ́ kan. Èsì náà kò ní láti gùn. Kí ó dárúkọ ẹni náà, kí ó mú ohun kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó bi í ní nǹkan. Bí wọ́n bá tó ọ̀ọ́dúnrún, kò sí olùkọ́ tó lè ṣe é nìkan, ẹ pín wọn sí mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ má fi ọjọ́ orí pín wọn. Èsì ìdìbò ọjọ́ Mọ́ńdè ni kí ẹ lò, kí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù wà pẹ̀lú àwọn ará ṣọ́ọ̀bù, nítorí àkókò tí wọ́n ń ráyè máa ń sún mọ́ra.

Ká pe ẹni tó dákẹ́ ní gbangba àbí ní kọ̀rọ̀?

Ní kọ̀rọ̀. Mo ti rí olùkọ́ tó lẹ orúkọ àwọn tí kò tíì sọ̀rọ̀ mọ́ gúrúùpù. Méjì nínú wọn jáde lójú ẹsẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, èmi máa ń mú orúkọ kíláàsì, màá fa ìlà sábẹ́ àwọn tí mi ò tíì gbọ́ ohùn wọn, màá sì pè wọ́n lórí fóònù. Ìpè gidi, kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́. Ìṣẹ́jú méjì ti tó ẹnì kan. Mi ò ní bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò dá sí ọ̀rọ̀. Mo máa ń ní, “Ẹ kú ilé o, olùkọ́ yín ni. Ṣé ẹ ti rí ọ̀nà wọlé?” Ẹnì kan ní fóònù òun bọ́ sómi. Ẹnì kan ní ọmọ òun wà nílé ìwòsàn. Nígbà tí mo ṣe é kẹ́yìn, ọ̀dọ́kùnrin kan dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Sà, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀.” Mo fi líǹkì ránṣẹ́ sí i. Kí n tó pe ẹni tó tẹ̀ lé e tán, ohùn rẹ̀ ti wọlé: owó gààrì ní Ọ̀yọ́.